Bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kì í mu gàrí

Ọmọ Ṣọ́jà, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lánàá ni ẹnì kan ní kí àwa tí a jẹ́ ọmọ ṣọ́jà wá sọ ohun tí àwọn òbí wa mú bọ̀ láti ojú ogun. Ẹlòmíràn sọ ti àmì ẹ̀yẹ, ẹlòmíràn sọ ti ọta tí dókítà ò rí yọ. Èmi ò rí nǹkan sọ, torí nílé tiwa a kì í sọ̀rọ̀ ogun. Ìgbà tí mo ń mu gàrí lọ́sàn-án òní, tí oòrùn ń mú ganrínganrín, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo mú fóònù.

Èèyàn mẹ́ta ló ti ilé wa lọ sógun. Bàbá àgbà lọ sí Bọ́mà, bàámi ja ogun abẹ́lé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Làìbéríà. Kò sí ọ̀gá ńlá nínú wọn. Ẹni tó ga jù, sáájẹ́ǹtì ni, bàámi sì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ogun Hitler ni wọ́n wọṣẹ́. Àwọn ará ilé rò pé wọ́n lọ ra obì ní Ṣágámù ni, àṣé Abẹ́òkúta ni wọ́n gbà lọ forúkọ sílẹ̀. Ọdún 1943 ni wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní 81st Division, lọ sí Íńdíà lójú omi. Aláǹtakùn dúdú ni àmì tí wọ́n ń rán mọ́ apá aṣọ wọn. Bàbá àgbà máa ń rojọ́ lórí aláǹtakùn yìí. Wọ́n ní àwọn ará Gold Coast, ìyẹn Gánà òní, ló ni ìtàn aláǹtakùn; bó bá jẹ́ pé wọ́n bi ọmọ Ìjẹ̀bú léèrè ni, ìjàpá là bá ní kí wọ́n yà síbẹ̀.

Àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà ni wọ́n ti jà. Kí wọ́n tó débẹ̀ rárá, wọ́n kọ́kọ́ la ọ̀nà tó tó máìlì 75 gba orí òkè kọjá kí jíìpù lè rí ibi gbà. Ibi tí ọ̀nà yẹn parí sí, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù láti ibẹ̀ lọ. Oúnjẹ wọn, bàálù ló ń jù ú sílẹ̀ fún wọn láti òfurufú. Ẹnu àwọn ẹgbẹ́ wọn ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí o, nígbà tí wọ́n bá jọ ń mu ẹmu lábẹ́ igi ọ̀sàn. Bàbá àgbà fúnra wọn á kàn máa fọ eyín wọn ni.

Ohun tí wọ́n mú bọ̀ ni ìrìn. Bí a bá ń bá wọn lọ sóko, a ò gbọdọ̀ rìn pọ̀. "Ẹ jìnnà síra yín." Ọ̀kan á ti ṣí ẹsẹ̀ mẹ́wàá kí èkejì tó tẹ̀ lé e. A ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹyẹ bá ṣàdédé fò nínú igbó, bàbá àgbà á gbé ọwọ́ òsì sókè, gbogbo wa á dúró gbagidi, ti agbọ̀n lórí ti àdá lọ́wọ́, títí wọn ó fi sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń rìn lọ sóko nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ sóko tiwọn, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń tira wọn lọ́nà, ẹ̀rù bà mí débi pé mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní iwin ni mo rí.

Ó wá kan bàámi.

Ọmọ ogún ọdún ni wọ́n lọ́dún 1967, iṣẹ́ gẹdú ni wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Mid-West lóṣù kẹjọ, tí wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀, ni wọ́n pa igi tì, wọ́n lọ wọ ṣọ́jà. Bàbá àgbà ò ní kí wọ́n lọ, wọn ò ní kí wọ́n má lọ. Ìyá àgbà ni ara wọn ò gbà á. Wọ́n mú ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó sín gbẹ́rẹ́ ayẹta fún un yí àyà ká. Bàbá àgbà wo gbẹ́rẹ́ náà, wọ́n ní: "Ó dáa. Bí o bá gbọ́ ìró ìbọn, tètè dojú bolẹ̀. Gbẹ́rẹ́ á bá ẹ níbẹ̀."

Ẹgbẹ́ Marine Commando, ti Benjamin Adekunle tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion, ni wọ́n kó bàámi sí. Wọ́n gba Port Harcourt lóṣù karùn-ún ọdún 1968, wọ́n gba Òwérè lóṣù kẹsàn-án. Òwérè yìí ni wọ́n há sí. Biafra yí wọn ká, ọ̀nà dí, oṣù ń gorí oṣù. Bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sí wọn, ìgbà mìíràn ọ̀dọ̀ ọ̀tá ló ń bọ́ sí. Ìparí oṣù kẹrin ọdún 1969 ni wọ́n tó ríbi fọ́ jáde. Ẹ wò ó: bàbá wojú ọ̀run fún oúnjẹ ní Bọ́mà lọ́dún 1944, ọmọ náà wojú ọ̀run fún oúnjẹ ní Òwérè lẹ́yìn ọdún 25. Mi ò tíì gbọ́ kí àwọn méjèèjì jọ sọ ọ́ lójú mi rí.

Bí mo bá ní kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí bàámi dé, ẹ ní láti mọ irú gàrí tí ìyá àgbà ń ṣe. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, òun ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Wọn kì í kánjú sí i. Bí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e, wọ́n á jẹ́ kó kan dáadáa. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yan án lọ́jọ́ kejì, wọ́n á bi í bóyá ará òkè ni. Asẹ́ méjì ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ti ń yan án nínú agbada, igbá kékeré ni wọ́n fi ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, iná kò gbọdọ̀ pọ̀jù. Á jáde ní funfun, lẹ́búlẹ́bú, á gbẹ kórókóró. Bí o bá bu omi sí i, kíkan rẹ̀ á ti ta ọ́ nímú kó tó dé ẹnu.

Irú rẹ̀ ni wọ́n ti yan sílẹ̀ de ọmọ wọn. Oṣù kejì ọdún 1970 ni bàámi wọlé, ogun ti parí. Wọ́n bu omi tútù nínú àmù, wọ́n fi ẹ̀pà àti ẹja díndín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàámi wo abọ́ náà títí. Wọ́n rọra tì í sẹ́yìn. Wọ́n ní ebi ò pa àwọn.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò mu gàrí mọ́, wọn ò jẹ ẹ̀bà mọ́. Nílùú Ìjẹ̀bú-Igbó! Àfi bí ìgbà tí Fúlàní bá lóun ò mu wàrà. Ìyá àgbà gbà pé wọ́n ti ṣe ọmọ àwọn ni. Wọ́n gbààwẹ̀ ní sọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún lọ dáfá ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé ọ̀rọ̀ náà di yẹ̀yẹ́ ládùúgbò: ọmọ ìyá elégàrí tí kì í mu gàrí. Bàámi á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún àwọn.

Ìgbà tí mo mọ ìdí rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Ọdún 1992, alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ ọ̀la rẹ̀ bá mọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Monrovia. Òun ń kun bàtà rẹ̀ lójúde, èmi ń fọ abọ́ lẹ́yìn wọn, àtùpà wà láàárín. Bàámi jókòó tì í, wọ́n mú bàtà kejì, wọ́n ń bá a kùn ún. Wọn ò gbójú sókè tí wọ́n fi sọ ọ́.

Wọ́n ní lẹ́yìn tí àwọn jáde ní Òwérè, àwọn mẹ́rin ya wọ abúlé kan. Ó di ọjọ́ kẹta tí oúnjẹ ti kan ẹnu wọn gbẹ̀yìn. Wọ́n wọ ilé kan, kò sí èèyàn níbẹ̀, wọ́n bá gàrí nínú abọ́, kò tó kóńgò kan. Wọ́n jẹ ẹ́ ní gbígbẹ. Ìgbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán ni obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn ògiri, ọmọ méjì tẹ̀ lé e, ikùn wọn wú, irun wọn ti pọ́n. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti wọlé. Kò pariwo, kò bú wọn. Ó mú abọ́ náà, ó fi ìka nu inú rẹ̀ yíká, ó fi ìka náà sẹ́nu ọmọ tó kéré.

Bàámi gbé bàtà sílẹ̀. "Bí ẹ bá wọ ilé onílé níbi tí ò ń lọ yìí, má jẹ oúnjẹ tó wà níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ṣeun, Bàámi."

Ìyá àgbà ti kú lọ́dún mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe gàrí àwọn ni ọmọ àwọn kọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n mú bọ̀ nílé tiyín?


Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè:

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ má yọ Àgọ́-Ìwòyè sẹ́yìn o! Ọmọ ìlú wa ni Babafemi Ogundipe. Ọdún 1941 ló wọṣẹ́ ológun, ó dé Bọ́mà, ó padà wá di ọ̀gágun tí ipò rẹ̀ tẹ̀ lé ti Ironsi, olórí ìjọba ológun, lọ́dún 1966. Ìjẹ̀bú dede ló lọ sógun, kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Igbó nìkan.

Àwàdà ni mo fẹ́ ṣe nígbà tí mo rí àkọlé yẹn. Mo kà á dé ibi ìka, àwàdà náà gbé mi lọ́nà ọ̀fun.


Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:

Ọmọ Ṣọ́jà, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ìyàwó ṣọ́jà ni èmi, ogun tiwa sì yàtọ̀. Àwa ò rí ọ̀tá. Jíìpù là ń rí.

Barékè kan l'Ékòó la wà. Ọkọ mi ti lọ sí Monrovia bọ̀ kí n tó fẹ́ ẹ. Ìgbà tí wọ́n tún kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone, oyún àwọn ìbejì ti hàn lára mi. Ẹ̀wà àti dòdò ni mò ń tà ní màmí mákẹ́ẹ̀tì, ọjà inú barékè. Fóònù alágbèéká ò tíì dé ọwọ́ irú wa nígbà náà. Ọ̀nà méjì ni ìròyìn ń gbà dé: lẹ́tà tí ṣọ́jà tó bá ń bọ̀ nílé bá bá ẹ mú bọ̀, àbí jíìpù.

Jíìpù yẹn ò yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Àmọ́ bí ọ̀gá kan àti pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù bá jọ jókòó sínú rẹ̀, a ti mọ̀. Ẹni tó ń gúnyán á gbé ọmọ odó dúró lókè. Ẹni tó ń na ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ á rọ. A ò ní wo àwọn tó wà nínú rẹ̀ lójú, táyà là ń wò, ibi tí táyà bá yí sí. Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1999 ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ Freetown. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, jíìpù wọ búlọ́ọ̀kù wa lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, iwájú ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé tèmi ló dúró sí.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Inú mi dùn. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo fọwọ́ ra ikùn mi, kí n tó wá sáré lọ di obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ mi mú. Òun ló máa ń bá mi sọ ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀ láràárọ̀.

Ọkọ tèmi dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ò bá a dé. A ti jọ ń gbé Ṣágámù láti ìgbà náà, ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ti obìnrin yẹn ni kò tán nínú mi. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń wọṣẹ́, àpọ́n ni, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí owó rẹ̀ ó tọ́ sí. Ó gbéyàwó, ó bímọ mẹ́ta, kò rántí lọ yí i padà. Ẹ̀gbọ́n ló gba owó. Obìnrin náà ń lọ, ó ń bọ̀, láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn, wọ́n ní kó mú ìwé wá, ó mú ìwé wá, wọ́n ní kì í ṣe irú rẹ̀. Wọ́n sì ní kó kó kúrò ní yàrá. Èmi náà ni mo bá a di ẹrù, pẹ̀lú ikùn mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyàwó tí ọkọ yín wà ní Màídúgùrì lọ́wọ́ báyìí, bí ó bá pè yín lálẹ́ òní, ẹ bi í léèrè orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé yẹn. Ẹ má tijú. Bí ó bá bínú, kó bínú.


Bàbá Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde:

Kì í ṣe ìdílé ológun ni wá, nítorí náà mo tọrọ gáfárà. Àmọ́ mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò níbí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún 1967. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀", tí ẹ rò pé àṣà ẹnu lásán ni, àwa gbé ojú ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ọmọ ogun Biafra bá ti kọjá Ọ̀rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Èkó. Àwọn kan ti kó ọmọ lọ sí abà. Ìyá mi kọ̀, wọ́n ní àgbàdo ọdún náà ti gbó, ta ni kí àwọn fi sílẹ̀ fún? Wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n gbé e sí etí títì, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ṣọ́jà ń lọ síhà Ọ̀rẹ̀ sì ń dúró rà á. Ẹlòmíràn sanwó, ẹlòmíràn ò san. Ìyá mi ò bi ẹni tí kò san léèrè.

Ṣọ́jà kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó sọ Yorùbá bí ará Ọ̀fà. Kò tíì hu irùngbọ̀n. Ó na lẹ́tà kan sí mi àti ṣílè kan, ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́ ní pósọ́fíìsì, kí n fi ṣẹ́ńjì rẹ̀ ra ohun tó bá wù mí. Ọkọ̀ gbéra kí n tó dá a lóhùn. Ó ju ọwọ́ sí mi títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà.

Mo kọ́kọ́ ra ohun tó wù mí. Bàbá dúdú ni, àti búrẹ́dì. Ìgbà tó yá, owó ò tó sítáǹbù mọ́, mo wá ki lẹ́tà bọ abẹ́ páànù ilé ìdáná wa pé bí mo bá rí kọ́bọ̀ díẹ̀ ma fi kún un. Èèyàn ò rí kọ́bọ̀. Òjò pa á, eku jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ tí mo fà á yọ, ó kù "Ìyá mi ọ̀wọ́n" àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó di àwọ̀ aró.

Mo ti kọjá Ọ̀fà nínú ọkọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Mi ò sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ rí.


Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:

Ẹ̀yin bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọmọdé ni yín nígbà náà.

Ọmọ Ṣọ́jà, ẹ ò parí tiyín o. Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ṣé ó bọ̀ láti Monrovia? Ṣé ó gbọ́ ohun tí bàbá sọ?


Ọmọ Ṣọ́jà, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ó bọ̀. Ọdún 1994 ni. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló wọlé, màámi ń jó, àwọn ará ilé ń kí i ní "kú ewu". Bàámi ò dìde. Ìgbà tí èrò túká, wọ́n ní kó wá jókòó. Wọn ò bi í pé ogun ti rí. Wọ́n ní, "Ṣé o jẹ ẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì, Bàámi."

Bàámi dìde, wọ́n mú korobá, wọ́n lọ fa omi ní kànga, wọ́n gbé e sí balùwẹ̀ fún un. Bàbá pọn omi ìwẹ̀ fún ọmọ. A ò rí irú rẹ̀ rí nílé wa, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ sí i.

Bàámi ti papòdà báyìí, wọn ò mu gàrí títí wọ́n fi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń mu tirẹ̀ ní tirẹ̀, omi tó tutù, ṣúgà, ẹ̀pà. Àmọ́ kì í mu ún tán. Ó máa ń kù díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ tó bá wà nítòsí á wá gbé e.